Terry Sawchuk: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Mọ̀ Pé Ó Ti Tó?

Ní oṣù keje ọdún 1950, Jack Adams ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kò ní dán wò láéláé. Ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tó ń darí, Detroit Red Wings, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ Stanley ní oṣù kẹrin ọdún náà ni, ife tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ nínú eré náà. Harry Lumley ló ṣọ́lé fún wọn. Ọmọ ọdún 23 ni Lumley. Kò tíì darúgbó, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti rọ, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni kò jẹ góòlù kankan nínú àwọn eré àṣekágbá tí wọ́n fi gba ife náà. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Adams fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Chicago. Ìdí ni pé ọmọkùnrin ẹni ọdún 20 kan wà nílẹ̀ tó ti ṣọ́lé nínú eré méje péré ní líìgì àgbà. Terry Sawchuk ni orúkọ ọmọ náà.

Èmi tí mò ń kọ èyí kò tíì tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ rí. Yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tó ń mú omi tutù nínú kúlà àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ tó ní ẹ̀bùn eré mọ̀ ní ọdún kẹta, ìtàn ọkùnrin yìí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́, torí pé gbogbo ohun tí a fi ń díwọ̀n ọmọ nínú ẹ̀kọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí dànù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà: ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàtà tó ní irin mímú lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá róbà dúdú líle kan tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀kì. Àwọn márùn-ún tó kù kì í pẹ́ lórí yìnyín kí wọ́n tó jáde kí ẹlòmíràn rọ́pò wọn, wọn á sinmi, wọn á tún padà. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan tó gbangba sùn lọ́yẹ́, á jù ú sínú eré fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á wò ó, á sì fà á padà bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Aṣọ́lé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é tọ́ wò bí ọbẹ̀. Tó bá ti dúró síbẹ̀, gbogbo ọgọ́ta ìṣẹ́jú eré náà ọrùn rẹ̀ ni, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní ẹni tó máa bá a tún un ṣe. Ẹ tún wá rántí pé ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló wà ní NHL nígbà náà, aṣọ́lé kan ṣoṣo sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbójú lé. Ipò mẹ́fà nìyẹn, fún gbogbo ọmọkùnrin tó ń ṣọ́lé ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọdé wọ inú ọ̀kan nínú ipò mẹ́fà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé àgbà kan jáde.

Ìlú Winnipeg ní Kánádà ni wọ́n bí Sawchuk sí, ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1929. Ìdílé tó wá láti Ukraine ni, wọn kò lówó lọ́wọ́. Mike ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ aṣọ́lé nínú ilé, òun sì ni àbúrò ń wò bí àwòkọ́ṣe. Àìsàn ọkàn pa Mike nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Terry. Ìbòsẹ̀ ńlá tí ẹ̀gbọ́n fi ń ṣọ́lé ni àbúrò jogún, òun náà ló sì wọ̀ lọ sí orí yìnyín.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ó ṣubú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ìgbúnwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí ó wà lásìkò yẹn, nítorí náà kò sọ fún òbí rẹ̀. Ó gbé ìrora mọ́ra títí egungun fi jinná bó ṣe wù ú. Nígbà tó dàgbà, apá ọ̀tún kúrú ju ti òsì lọ, kò sì ṣe é gbé sókè dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ká ní a gbé ọmọ yìí wá sí lábù wa, tí a fi téèpù wọn apá rẹ̀ méjèèjì, tí a ní kó gbé e sókè, tí a kọ èsì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀nà tó fi máa yege. Mo mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn sọ fọ́ọ̀mù nù. Àmọ́ fọ́ọ̀mù kò lè rí bí ọmọ náà ṣe máa ń tẹ̀ ba mọ́lẹ̀, tí orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, kí ojú rẹ̀ lè máa rí pọ́ọ̀kì láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Àwọn aṣọ́lé mìíràn nígbà náà máa ń nàró gbọọrọ ni. Ìdúró yẹn di ohun tí àwọn mìíràn wá ń kọ́ lára rẹ̀.

Àwọn ará Detroit rí i ní kékeré, wọ́n sì mú un lọ sí Ontario láti máa bá àwọn ọ̀dọ́ gbá. Ní 1947 wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní Omaha, ní líìgì kékeré kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 17 ni. Ọjọ́ tó pé ọdún 18 gan-an, ní Houston, ọ̀pá ẹnìkan wọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní láti rán ẹyinjú náà. Ó tó kí ó fojú, ó sì tó kí ó máa bẹ̀rù ọ̀pá láti ọjọ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní sáà yẹn kan náà, òun sì ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dára jù lọ ní líìgì náà. Wọ́n gbé e gòkè lọ sí Indianapolis, ní líìgì AHL, tó jẹ́ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn kí ènìyàn tó dé NHL. Ó tún gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun níbẹ̀ náà.

Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí Lumley fi ẹsẹ̀ ṣèṣe ní oṣù kìíní 1950, Sawchuk ni wọ́n pè wá sí Detroit. Eré méje ló fi rọ́pò rẹ̀: ó borí nínú mẹ́rin, ó pàdánù mẹ́ta, góòlù 16 ló jẹ. Èsì yẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ènìyàn á torí rẹ̀ lé aṣọ́lé àgbà kúrò nílé. Lumley jinná, wọ́n sì dá ọmọ náà padà sí Indianapolis.

Lójú tèmi, dídá a padà yìí ni ìdánwò gidi, kì í ṣe eré méje yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí ọmọ tí wọ́n mú wọ ẹgbẹ́ àgbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrera, tí kò fẹ́ sáré mọ́, tó ń wò ó pé ibi yìí ti kéré jù fún òun. Sawchuk padà, ó sì ṣọ́lé bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Indianapolis wọ inú ìdíje àṣekágbá líìgì wọn, wọ́n gbá eré mẹ́jọ, wọ́n borí nínú gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Calder. Ohun tí Adams ní lọ́wọ́ nígbà tó fẹ́ ṣèpinnu nìyẹn: ọmọ tó ti borí ní àtẹ̀gùn méjì, tó ti gba ìpalára tó sì padà, tí wọ́n ti gbé sókè tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò yí. Ẹ fi ti Lumley fúnra rẹ̀ wé e. Ọmọ ọdún 17 ni Detroit gbé òun sí NHL ní 1943, nígbà tí ogun ti kó àwọn ọkùnrin lọ. Ó pàdánù eré méjèèjì tó kọ́kọ́ gbá fún wọn. Àìní ènìyàn ló gbé Lumley gòkè. Ní ti Sawchuk, wọ́n dúró kí ó pọ́n.

Ó sì pọ́n lóòótọ́. Ní sáà 1950–51 ó ṣọ́lé nínú gbogbo eré 70 tí Detroit gbá, wọ́n borí nínú 44, kò jẹ góòlù kankan nínú 11. Àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun NHL kún èyí tó ti ní, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ ní líìgì mẹ́ta. Ní ìdíje ife Stanley 1952, eré mẹ́jọ péré ni Detroit gbá, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀. Góòlù márùn-ún ló jẹ lápapọ̀. Mẹ́rin nínú eré náà wáyé nílé wọn ní Detroit, kò sí pọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó kọjá rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún gba ife náà ní 1954 àti 1955.

Oṣù kẹfà 1955 ni Adams tún ṣe ohun tó ṣe ní 1950. Ọmọ kan tún ti ń pọ́n nísàlẹ̀, Glenn Hall, tí òun náà ti gba Indianapolis kọjá, tí wọ́n sì ti fi eré mélòó kan dán wò ní Detroit. Ó fi Sawchuk ránṣẹ́ sí Boston. Ọmọ ọdún 25 ni Sawchuk, ife kẹta rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú pàṣípààrọ̀ náà, iye kan náà tó wà nínú ti Lumley. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo, Adams tún jàre nípa Hall, nítorí pé òun ló gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí kò sí ẹni tó wọ̀n ni ohun tí èyí ṣe fún Sawchuk. Ó mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ bí òun ṣe dé ipò náà, torí náà ó mọ̀ pé ọmọ kan wà nísàlẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ń gbá pẹ̀lú ìrora, kò fẹ́ jókòó kí ẹlòmíràn má baà rí àyè rẹ̀ gbà. Egungun tó ti fọ́ nínú ìgbúnwọ́ rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi abẹ yọ. Kò wọ ìbòjú títí di 1962, ojú rẹ̀ sì ti gba ìránṣọ tó tó bíi 400. Ní Boston, àìsàn kan tó ń fa agbára tán lára kọlù ú. Ó gbìyànjú láti padà kíákíá, kò ṣeé ṣe, ó sì fi eré sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1957. Àwọn oníròyìn kan pè é ní ojo. Ọtí wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ìbínú rẹ̀ nínú ilé pọ̀, ìyàwó àti ọmọ méje ló sì jìyà rẹ̀. N kò ní fi òkìkí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. A ń béèrè lọ́wọ́ aṣọ́lé ọ̀dọ́ bóyá ọwọ́ rẹ̀ yá, bóyá ojú rẹ̀ mú. Ìbéèrè bóyá ẹnìkan wà tó lè sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun kò sí nínú ìwé àyẹ̀wò Adams. Títí di òní, kò sí nínú tiwa náà.

Detroit fi Johnny Bucyk gbà á padà ní 1957 (Bucyk yìí wá gbá góòlù tó lé ní 500 fún Boston, ẹ fojú ara yín wò ó), wọ́n sì ti Hall lọ sí Chicago. Ní oṣù kìíní 1964 Sawchuk kọjá George Hainsworth, ó di ẹni tí iye eré tí kò ti jẹ góòlù pọ̀ jù lọ nínú ìtàn NHL. Ọdún yẹn náà ni ó bọ́ sí Toronto, níbi tó ti ń pín iṣẹ́ pẹ̀lú Johnny Bower, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Vezina ní 1965, ó ní àfi kí wọ́n kọ orúkọ Bower mọ́ tòun, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà méjèèjì yìí ni Toronto fi gba ife Stanley ní 1967, nígbà tí Sawchuk jẹ́ ọmọ ọdún 37. Toronto kò tíì gba á mọ́ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn Los Angeles àti Detroit lẹ́ẹ̀kẹta, New York ló parí rẹ̀ sí. Ní ìparí oṣù kẹrin 1970, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan jọ wọ ìjàkadì lórí ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n jọ ń gbé, ó ṣubú, ó sì ṣèṣe nínú ikùn. Ó sọ fún àwọn tó bi í pé òun ni òun fà á. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì kan wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ilé ẹjọ́ kò dá akẹgbẹ́ náà lẹ́bi.

Eré 103 ni kò ti jẹ góòlù kankan. Oṣù kejìlá ọdún 2009 ni Martin Brodeur tó kọjá iye yẹn. Ní 1994, Detroit gbé ẹ̀wù rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 1 kọ́ sókè àjà pápá wọn, wọ́n sì ní aṣọ́lé mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́.