Dom Pérignon

Pierre Pérignon (1638–1715), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Dom Pérignon, jẹ́ mọ́ńkì ìjọ Kátólíìkì ọmọ orílẹ̀-èdè Fránsì, tí ó gbajúmọ̀ fún ṣíṣe wáìnì funfun ní agbègbè Champagne. Sainte-Menehould ni a ti bí i. Láti ọdún 1668 títí ó fi kú, òun ni alábòójútó ilé ìṣúra àti yàrá wáìnì ilé àwọn mọ́ńkì ní Hautvillers.

Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, èso àjàrà láti oko oríṣiríṣi máa ń sun ojú fèrèsé rẹ̀ mọ́jú, òun a sì tọ́ wọn wò ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mọ àwọn tí ó yẹ kí a pò pọ̀ kí a tó fún wọn. Àjàrà dúdú ni ó yàn láàyò. Wọ́n á rọra fún un kíákíá, kí èèpo má baà pa omi rẹ̀ láró.

Àwọn kan gbà pé òun ni ó ṣàwárí wáìnì tí ń hó, àti pé afọ́jú ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí fún èyí. Mọ́ńkì kan, Dom Grossard, ni ó tan ìtàn híhó náà kálẹ̀ ní ọdún 1821. Ní ayé Pérignon, àbùkù ni híhó jẹ́. Òtútù máa ń dá iṣẹ́ ìwúkàrà dúró. Bí ooru bá padà dé, ìwúkàrà a tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìgò, ìgò a sì fọ́. Pérignon sapá láti dènà rẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì Hautvillers ni a sin ín sí. Láti ọdún 1936 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára ìgò wáìnì olówó iyebíye kan tí ń hó.