Tierno Bokar Tall ti Bandiagara: Ilé-Kéú Kékeré àti Ìtọ́jú Ẹ̀bùn Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà

Nínú ìtàn ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn àáfà tó kọ ìwé rẹpẹtẹ àti àwọn tó dá ìjọba sílẹ̀ ni orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ jáde. Tierno Bokar Tall kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Kò fi ìwé ńlá sílẹ̀, kò joyè, kò sì kó ogun jọ. Ilé-kéú kan ṣoṣo ni ó ní, inú agbo ilé rẹ̀ ni ó sì wà, ní ìlú Bandiagara ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Màlì lónìí. Síbẹ̀, láti inú agbo ilé yẹn ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìgbésí ayé rẹ̀: bí ó ṣe di olùkọ́, bí ó ṣe ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ṣe dá a, àti bí ilé-kéú tí ó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún gbé ró ṣe tú ká láàárín àsìkò kúkúrú nítorí ohun tí ó gbà pé ó jẹ́ òdodo.

Ìran àti Ìgbà Èwe

Ọdún 1875 ni wọ́n bí i ní Ségou. Bokar ni orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí í ṣe Abubakar lẹ́nu àwọn Fúlàní. Tierno jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀ fún olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ṣe ń pe ènìyàn ní àáfà. Ọmọ ọmọ arákùnrin al-Hajj Umar Tall ni. Umar Tall yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn Nàìjíríà, nítorí pé nígbà tí ó ń ti Mẹ́kà bọ̀, ó gbé ní Sokoto fún ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ Muhammad Bello, ó sì fẹ́ aya nínú ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ogun jíhàádì dìde, ó gba Ségou ní 1861, ó sì tan ọ̀nà Tíjáníyà ká gbogbo agbègbè náà kí ó tó kú ní 1864 nínú àwọn òkè àpáta tí kò jìnnà sí Bandiagara. Inú ilé tí orúkọ rẹ̀ wúwo báyìí ni wọ́n bí Bokar sí, ìwúwo orúkọ náà ni yóò sì padà wá dá wàhálà sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Archinard gba Ségou ní 1890. Ìdílé náà fọ́n ká. Bàbá rẹ̀, Salif, bá àwọn tó sá lọ lọ. Ìyá rẹ̀, Aissata, ni ó dá ẹrù títọ́ ọmọ gbé. Obìnrin yìí àti bàbá tó bí i, Seydou Hann, tí ó jẹ́ Súfí, ni wọ́n kọ́kọ́ gbin ìfẹ́ Ọlọ́hun sí i lọ́kàn. Nígbà tí ìjọba Faransé gba Bandiagara ní 1893, tí wọ́n sì fi Aguibou, ọmọ Umar Tall, jọba síbẹ̀, ìyá àti ọmọ náà fìdí kalẹ̀ sí ìlú náà. Bokar kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán àti fífi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ, kí ó má baà di ẹrù sọ́rùn ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àáfà àgbà kan, Amadou Tafsirou Bâ, tí ó kọ́ ọ ní ìmọ̀ Kùránì, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ ọ̀nà Tíjáníyà.

Ilé-Kéú Inú Agbo Ilé

Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dá ilé-kéú tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún un. Inú agbo ilé rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó yí i ká pẹ̀lú wàláà wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ kéú ṣe ń ṣe láti Sénégal títí dé Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń ti ilé òbí wọn wá. Àwọn mìíràn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá a jẹun, wọ́n sì ń bá a kírun. Ìjọba kò fún un lówó, kò sì gba ìwé-àṣẹ ìmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Kíkéré tí ilé-kéú náà kéré jẹ́ kí olùkọ́ mọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé fún híhá Kùránì, ó mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí òfin ẹ̀sìn, ó sì mọ ẹni tí sikiri àti ìrònú jinlẹ̀ bá lára mu. Kò fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé Lárúbáwá, ó ń fi ìwé kọ́ ọ. Ẹni tí ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n kà, kò tìtorí bẹ́ẹ̀ tì í síta.

Ọ̀nà Ìkọ́ni

Nítorí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé ètò ẹ̀kọ́ aláfẹnusọ kan kalẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mâ ddîn, tí ó túmọ̀ sí ìbéèrè nípa ohun tí ẹ̀sìn jẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní àkókò náà kí ọmọ lo ọdún púpọ̀ lórí kíka Kùránì kí ó tó mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà. Tierno Bokar kò pa àṣà híhá Kùránì rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ìtumọ̀ kún un ní èdè Fúlàní tí gbogbo wọn gbọ́. Yóò fi ìka ṣe àmì tó-tó-tó sílẹ̀ nínú iyanrìn, yóò tò wọ́n ní ìpele-ìpele; àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹ̀kọ́ kan nípa ìṣọ̀kan Ọlọ́hun, nípa àwọn Ànábì, nípa òpó ẹ̀sìn, àti nípa ìpele Ìsìláàmù, Ìmáàní àti Ìhísánù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè tún àmì náà tò, tí ó sì lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún, ó ti ní odidi ìwé kan lórí láìṣí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ sílẹ̀ fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé àti fún obìnrin.

Òwe àti àfiwé ni ó sábà máa ń lò. Nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ìgbàgbọ́, ó ń pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ le bí òkúta: ti ẹni tí òfin gbé ró ni. Èkejì ń ṣàn bí omi: ti ẹni tí òye rẹ̀ ti gbòòrò, tí ó sì lè gba ibi tóóró kọjá láìsọ ara rẹ̀ nù. Ẹ̀kẹta fúyẹ́ bí afẹ́fẹ́, ó sì ń lọ sókè: ti àwọn tí kò wá nǹkan mìíràn bí kò ṣe Ọlọ́hun. Kò kẹ́gàn ẹni tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, nítorí pé láìsí òkúta, kò sí ìpìlẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ó dúró sí, kí ó sì lè dàgbà kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó kọ́ wọn láti má ṣe fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì ní Bandiagara, níbi tí àwọn Dogon tí ń sin ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ti jẹ́ aládùúgbò àwọn Mùsùlùmí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gbàgbé fi irú olùkọ́ tí ó jẹ́ hàn. Níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ọmọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan já bọ́ láti inú ìtẹ́ rẹ̀ tó ti ya. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dá a sí. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n tẹjú mọ́. Olùkọ́ pa ẹ̀kọ́ tì. Ó gbé ọmọ ẹyẹ náà, ó béèrè fún abẹ́rẹ́ àti òwú, ó gun nǹkan dé òkè, ó fi ọwọ́ aránṣọ rẹ̀ rán ìtẹ́ náà, ó sì dá ọmọ ẹyẹ padà sínú rẹ̀. Ìgbà tí ó sọ̀kalẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó yé wọn pé ìmọ̀ tí kò mú àánú wá sí ọkàn kò tíì di ìmọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan: Amadou Hampâté Bâ

Èso ilé-kéú yìí tí ayé mọ̀ jù ni Amadou Hampâté Bâ. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fà á lé Tierno Bokar lọ́wọ́. Ní 1912, ìjọba Faransé mú un pẹ̀lú agbára láti fi í sí ilé-ìwé òyìnbó. Ìyá rẹ̀, Kadidja, fẹ́ fi owó rà á padà, nítorí ìbẹ̀rù pé ilé-ìwé náà yóò ba ẹ̀sìn ọmọ jẹ́, ìbẹ̀rù kan náà tí ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ní Nàìjíríà ní sí ilé-ìwé àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì. Tierno Bokar ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ fún Ọlọ́hun kò rí èdè Faransé bí ọ̀tá. Ó rí i bí ìmọ̀ mìíràn tí ọmọ náà lè lò.

Kò já okùn tó so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí Hampâté Bâ ti di akọ̀wé ìjọba, ó gba ìsinmi ní 1933, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́sẹ̀ olùkọ́ rẹ̀ ní Bandiagara. Níbẹ̀ ni ó ti gba ẹ̀kọ́ Mâ ddîn ní kíkún, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà sílẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ náà sí ìtàn àti àlọ́, tí ẹlòmíràn ì bá pè ní eré, ni ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó gba ìmọ̀ àwọn àgbà Áfíríkà là kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbé. Láti 1962 títí di 1970, ó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO.

Ìrìn-àjò Nioro àti Títú Ilé-Kéú Ká

Ní àkókò yìí, ìyapa ti wà láàárín àwọn ọmọ Tíjáníyà lórí iye ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n ka Jawharat al-Kamal nínú wírìdí wọn. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni àwọn ọmọlẹ́yìn Umar Tall ń kà á. Sheikh Hamallah ti Nioro sì ń kà á ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, tí ó gbà pé òun ni àṣà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti Sheikh Ahmad al-Tijani. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n wá fi ń dá ara wọn mọ̀. Ìjọba Faransé dá sí i, nítorí pé Hamallah kò tẹrí ba fún wọn. Wọ́n mú un ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Mauritania àti lẹ́yìn náà sí Ivory Coast, kò sì padà sí Nioro títí di 1936.

Ní 1937, Tierno Bokar lọ sí Nioro láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jókòó tì í, ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó dá a lójú, ó sì tún wírìdí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Hamallah. Fún ẹlòmíràn, èyí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀. Fún ọmọ ilé Tall, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yọ ọwọ́ kúrò nínú ìdílé. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ẹbí ní kí ó kọ ohun tí ó gbà sílẹ̀. Kò kọ̀ ọ́. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn má ṣe bá a ṣe. Àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò. Agbo ilé tí ohùn ọmọ kéú kì í dákẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ilé ni ó ń dá kírun, díẹ̀ nínú àwọn olóòótọ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì kù tì í. Kò fi èpè ran àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó kú ní Bandiagara. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì kẹ́ ẹ. Hamallah náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n tún mú un ní 1941, ó sì kú sí ìgbèkùn ní Montluçon ní ilẹ̀ Faransé ní 1943.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó gbé ilé-kéú Tierno Bokar ró náà ni ó bì í wó. Nítorí pé ó kéré, tí ó sì dúró lórí ènìyàn kan, olùkọ́ lè mọ ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè fún un ní ohun tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n nítorí ìdí kan náà, kò sí ohun tí ó lè dá ilé-kéú náà dúró nígbà tí ìdílé àti ìjọba kẹ̀yìn sí ẹni náà. Ó lè pa ilé-kéú mọ́ bí ó bá sẹ́ ohun tí ó dá a lójú. Ó yàn láti pàdánù ilé-kéú. Bí ó bá yàn bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ nípa òdodo ì bá di asán.

Ẹ̀kọ́ náà kò kú. Ní 1957, Hampâté Bâ àti Marcel Cardaire, ọ̀gá ológun Faransé tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí, gbé ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀; Hampâté Bâ tún un kọ ní kíkún ní 1980. Ní 1984, Louis Brenner ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ìwé mìíràn lórí rẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé di ẹni tí àwọn tí kò rí i rí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọmọ kan tí ó jẹ́ kí ó tẹ̀lé ohun tí Ọlọ́hun fi sí i lọ́kàn ni ó gbé ohùn rẹ̀ jáde.