Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt

Ìlú Èkó ni a bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Scott sí, ní ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso Nàìjíríà. Ní èwe rẹ̀, ó ń fẹ́ láti di nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ni ó wà ní ipò gíga nínú iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ìjọba nígbà náà, baba rẹ̀ kò sì gbà fún un. Báyìí ni ọ̀nà dí mọ́ ọn. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé ní Èkó.

Ní 1941, ó fẹ́ Olú Pratt, ẹni tí í ṣe apòògùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlú Òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, Kòfowórọlá tẹ̀lé e ní 1946. Ibẹ̀ ni ilé ìwé Nightingale, ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù, ti gbà á wọlé. Aláìsàn kan kò jẹ́ kí ó tọ́jú òun nítorí àwọ̀ dúdú rẹ̀. Síbẹ̀ kò tìtorí èyí fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yege.

Ó padà sí ilé ní 1954. Ní 1964, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni baba rẹ̀ rò pé ọwọ́ ọmọ òun kò lè tẹ̀. Ó kú ní 1992.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ọ̀nà bá dí mọ́, kí ó má ṣe jókòó tẹtẹrẹ. Kí ó fi sùúrù wá òmíràn.