Maria Montessori: Etí Ló Ń Ṣíwájú Ojú Nínú Ìwé Kíkà

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, gbogbo àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìró èdè la mọ̀ pé orúkọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ìró rẹ̀. Maria Montessori fi ìyàtọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù níwèé.

Ìlú Chiaravalle ní Ítálì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1870. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì gboyè ní Róòmù ní 1896. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní aláìlọ́pọlọ ló kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí àwọn kan lára wọn mọ̀ ọ́n kọ, tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà, tí wọ́n sì yege ìdánwò bí ọmọ yòókù, ó bi ara rẹ̀ ohun tó ń fa àwọn ọmọ tó kù sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, ó ṣí iléèwé kan ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù. Ó gé lẹ́tà lára bébà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Bí ọmọ ṣe ń fi ìka tọ ojú lẹ́tà, ìró rẹ̀ ni olùkọ́ ń pè sí i létí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ á pe ọ̀rọ̀ kan, ọmọ á ya ìró inú rẹ̀ sọ́tọ̀ níkọ̀ọ̀kan, á sì ṣa lẹ́tà wọn jọ. "Mano", tí í ṣe ọwọ́, ní ìró mẹ́rin àti lẹ́tà mẹ́rin. Báyìí ni àwọn ọmọ náà ṣe mọ̀ ọ́n kọ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kà.

Ó tẹ ìwé lórí ọ̀nà yìí ní 1909. Ó kúrò ní Ítálì ní 1934, nígbà tí òun àti ìjọba Mussolini kò gbọ́ra wọn yé mọ́. Nílùú Noordwijk, ní ilẹ̀ Hóláńdì, ló kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1952.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bí ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ń fi orúkọ tí Faransé ń pe "g" àti "b" ka "igbá", kò ní dé ibi tí "gb" wà, nítorí ìró kan ṣoṣo ni. Ohùn náà tún wà níbẹ̀: igbá, igba, ìgbà. Nítorí náà, ká tó pe ọmọ kan ní olódo, ẹ jẹ́ ká wádìí bóyá etí rẹ̀ ti gbọ́ ìró tí a ní kí ojú rẹ̀ kà.