Paul Broca, dókítà ọpọlọ

Wọ́n bí Paul Broca ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1824. Ó di dókítà bí i bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1861, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọkùnrin yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tan, tan nìkan ni ó ń wí. Kì í ṣe pé nǹkan kan tán o! Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé ènìyàn, inú a bí i. Ọdún 21 ni ó ti lò bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Broca wo ọpọlọ rẹ̀. Ó rí ọgbẹ́ níwájú, ní apá òsì. Ọgbẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe ahọ́n.

Broca kú ní ọdún 1880. Àwọn dókítà ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀.