Olóògbé Nnamdi Azikiwe, Ẹni tí Ó La Ọ̀nà Kejì Wọ Ọjà Ìmọ̀

Ó ti di àṣà ìwé ẹgbẹ́ wa yìí láti máa kọ ìtàn ìgbésí-ayé èèyàn ńlá kan lọ́dọọdún, ọmọ Yorùbá ni a sì sábà máa ń yàn. Ọmọ Onitsha ni a yàn lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan tí wọn kò tíì gbàgbé ìjà òṣèlú ayé ọjọ́un yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà kò jìnnà. Ní gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ tí ń pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa bá jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń di àríyànjiyàn: ta ni ó tó wọ yunifásítì, ta ni kò tó, ta ni ó sì ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ju Azikiwe lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1904 ni a bí i ní Zungeru ní Òkè Ọya, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn ọmọ-ogun ìjọba. Èdè Hausa ni ó kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Onitsha tí í ṣe ìlú àwọn òbí rẹ̀ ni ó tó gbọ́ Ígbò dáadáa. Nígbà tí ó sì dé Èkó, tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1921 ó di akọ̀wé ní ilé ìṣúra ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, oúnjẹ òòjọ́ tí kì í tán ni lójú ará ilé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1924 ó fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun kan. Gold Coast ni ìrìn-àjò náà parí sí, ó sì ṣe ọlọ́pàá níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó wá a lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, fi owó ìfẹ̀yìntì ràn án lọ́wọ́, ó sì rí òkun kọjá.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan ní Amẹ́ríkà. Ó fọ abọ́, ó wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, ó tilẹ̀ ja ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Láti ilé-ẹ̀kọ́ Storer ó lọ sí Howard, láti Howard ó lọ sí Lincoln, níbi tí ó ti gba oyè B.A. ní 1930, kí ó tó wálé ó ti gba oyè méjì mìíràn lé e. Ohun tí ó kó bọ̀ nínú èrò rẹ̀ ju ohun tí ó wà nínú ìwé-ẹ̀rí lọ. Ó rí i pé yunifásítì lè gba ọmọ tálákà tí ń fọ abọ́ lálẹ́, kí ó sì sọ ọ́ di èèyàn. Ó rí i pé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìwé ìròyìn kíkọ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ èdè Látìnì, tí kò sì sí ẹni tí ó ń tijú.

Nígbà tí ó padà sí Áfíríkà ní 1934, ìwé-ẹ̀rí Amẹ́ríkà kò jọ àwọn aláṣẹ lójú. Oyè tí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè yẹpẹrẹ ni wọ́n kà á sí, iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ń fẹ́ ní Nàìjíríà kò sì bọ́ sí i. Ó lọ sí Accra, ó di olóòtú ìwé ìròyìn; ní 1937 ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó. Ìtàn òṣèlú rẹ̀ gùn, àwọn mìíràn sì ti kọ ọ́. Àwa ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lọ: a gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti fi ojú kéré ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ rí kì í gbàgbé.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ni a dá sílẹ̀ ní 1948, lábẹ́ àkóso ìdánwò Yunifásítì London. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a fi yangàn ni, a sì ń fi í yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá kò lè wọlé tààrà. Ó ní láti yege ìdánwò àbáwọlé tí Ìbàdàn ń ṣe fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó lọ ka Higher School fún ọdún méjì sí i, kí ó tó wá kà á fún ọdún mẹ́ta gba oyè. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kíláàsì Higher School kò sì pọ̀. Àwọn olùkọ́ ayé ìgbà náà, àwọn bàbá iṣẹ́ wa, ni wọ́n mọ ìyà yìí jù. Fìtílà ni wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Oxford nínú lẹ́tà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sán pariwo níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 1954 Azikiwe di Olórí Ìjọba Agbègbè Ìlà-Oòrùn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilé ìgbìmọ̀ wọn ṣe òfin pé kí a dá Yunifásítì Nàìjíríà sílẹ̀ ní Nsukka. Ní 1958 ó pe àwọn ọ̀mọ̀ràn mẹ́ta láti wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: Cook láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah àti Taggart láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Hannah yìí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ nílé. Yunifásítì tí ó jẹ́ ti ìjọba kò mọ ní ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan. Èyí àgbà wà ní Ann Arbor. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1855 ni ti Hannah, àwọn ará Ann Arbor a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ olùtọ́jú màlúù ni. Nígbà tí ó fẹ́ gba orúkọ yunifásítì ní 1955, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ta kò ó, ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó yé e, nígbà náà, ohun tí Azikiwe ń wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 ni Nsukka ṣí ilẹ̀kùn, akẹ́kọ̀ọ́ 220 àti olùkọ́ 13. Ẹni tí ó bá ní ìwé mẹ́wàá tí ó já gaara lè wọlé, yóò sì ka ọdún mẹ́rin. Oyè tirẹ̀ ni Nsukka ń fúnni, kì í ṣe ti London. Nígbà náà ni ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Ìbàdàn sọ pé ọjà gbàǹjo ni oyè náà yóò jẹ́, pé ẹni tí kò ka Higher School kò ní ìpìlẹ̀. Àwọn ará Nsukka fèsì pé ìgbéraga ni Ìbàdàn fi ń pe ara rẹ̀ ní ìlànà.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó gba ọ̀nà Ìbàdàn ka ọdún márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, méjì ní Higher School, mẹ́ta ní yunifásítì: ó di mẹ́wàá. Ti Nsukka, márùn-ún àti mẹ́rin, mẹ́sàn-án. Ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo ariwo náà dá lé lórí! Ibi tí ọmọ yóò ti ka àwọn ọdún àárín náà gan-an ni ìjà wọn. Bí ó bá jẹ́ ní Higher School, ìwọ̀nba àwọn ọmọ tí àyè gbà ni yóò dé ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ a kò ní fi òdodo pamọ́: olùkọ́ 13 kò pọ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ó sì ń bẹ̀rù pé oyè náà lè má rinlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá.

Ohun tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni pé Nsukka ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣe oyè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1961. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní láti kọ́kọ́ gba oyè mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú ètò yìí dúró ni Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, tí òun náà kàwé ní Amẹ́ríkà, kí ó tó bọ́ sí Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn yunifásítì yòókù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ tiwa kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ashby kò ya yunifásítì sọ́tọ̀ fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960, ìjọba náà kò gbà, wọ́n dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 244 sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962. Zaria bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan wá ní tirẹ̀, oníkálukú ń pọ́n ti ara rẹ̀ lé.

Azikiwe kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní 1956 ìgbìmọ̀ ìwádìí kan yẹ ọ̀rọ̀ owó ìjọba tí a kó sí báǹkì tí òun fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ náà sì dá a lẹ́bi. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò lọ ní 1957, wọ́n sì tún yàn án. Lẹ́yìn náà ó di Gómìnà-Àgbà, ó sì di Ààrẹ ní 1963, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Ogun abẹ́lé ti ilẹ̀kùn Nsukka pa ní 1967. Ọdún 1970 ni wọ́n tún un ṣí. Láàárín ọdún 1972 sí 1976, Azikiwe ni Ọ̀gá Àgbà Ayẹyẹ Yunifásítì Èkó, láàárín àwa Yorùbá.

Ní 1978 ni a dá JAMB sílẹ̀, tí gbogbo yunifásítì fi ń gba ọmọ láti ọwọ́ kan. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin sì dé ní àwọn ọdún 1980, Higher School kógbá wọlé. Ìwé mẹ́wàá àti ọdún mẹ́rin, ohun tí wọ́n pè ní ọjà gbàǹjo, di òfin fún gbogbo wa, Ìbàdàn pẹ̀lú. Ẹnu ọ̀nà ṣì há. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní kírẹ́dítì márùn-ún ṣì ń jókòó sílé, ibi tí èèyàn ti wá sì tún ti wọ inú ìṣirò.

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996 ni Azikiwe kú, Onitsha ni wọ́n sì sin ín sí. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára ilé ìkàwé Nsukka, níbi tí àwọn ọmọ tí wọn kò ka Higher School rí ti ń ṣí ìwé.