Benjamin Franklin, Ẹni Tó La Ọ̀nà fún Mànàmáná

Tẹ́ ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà lálẹ́, ṣé ẹ máa ń gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà lára? Iná ni. Irú iná yìí ni Benjamin Franklin fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí.

Boston, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1706. Bàbá rẹ̀ ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Ọdún méjì péré ló lò nílé ìwé kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ló sá lọ sí Philadelphia. Nígbà tó pé 42, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ dolówó, ló bá fi í sílẹ̀, ó kọjú sí iná.

Láyé ìgbà yẹn, inú ìgò tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni wọ́n ń kó iná pa mọ́ sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1750, ó fẹ́ fi iná inú ìgò ńlá méjì pa tòlótòló. Ó ṣèèṣì fọwọ́ kàn án, iná gbé e, kò mọ ibi tó wà mọ́. Orí ló yọ ọ́. Ojú tì í, síbẹ̀ ó kọ̀wé nípa ẹ̀ kí ẹlòmíì lè ṣọ́ra.

Lọ́dún 1752, ó ta káìtì sókè nígbà tí òjò ṣú, iná sì ta sí i lọ́wọ́ láti ara kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ okùn ẹ̀. Ohun tí orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè é ń sọ ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀: iná àti mànàmáná, ọ̀kan náà ni.

Lọ́dún 1753, ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ọ̀jọ̀gbọ́n Georg Richmann gbé irin sórí ilé láti wọn iná ààrá, àmọ́ irin náà ò wọlẹ̀. Ààrá pa á. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irin ṣóńṣó tí Franklin ní kí wọ́n máa gbé sórí ilé, inú ilẹ̀ ni wáyà ẹ̀ máa ń wọ̀. Kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ó kú lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin, ọdún 1790, lẹ́ni ọdún 84.

Ìgò ẹ̀ ṣì wà láàárín wa o. Kàpásítọ̀ inú pawà sọ́pùláì rédíò àti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ wáyà lára iná, iná ṣì lè wà nínú ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe tíṣà. Iná ara tiwa náà lè ba inú kọ̀ǹpútà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń tún un ṣe fi ń fi wáyà so ọwọ́ wọn mọ́ ilẹ̀. Iná tá ò bá fún lọ́nà, á wá ọ̀nà fúnra ẹ̀.